Oògùn wo, nígbà wo? Àgbéyẹ̀wò ìtọ́jú ẹni tó ń bi ẹ̀jẹ̀ nítorí àrùn ẹ̀dọ̀

Ẹni tí iṣan inú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bá bẹ́ kò ní àkókò púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè kún abọ́ kí wọ́n tó rí mọ́tò tí yóò gbé e. Ó lè pupa fòò, ó lè ti dì, ó sì lè gba ìdí jáde ní ìgbẹ́ dúdú tó ń fà bí ọ̀dà, tí òórùn rẹ̀ kò jọ ti ìgbẹ́ lásán. Ní Ìbàdàn, láti Challenge dé Àgbówó, ohun tí ọ̀pọ̀ ará ilé kọ́kọ́ ń rò ni pé ọ̀tá ti fún un ní májèlé jẹ. Ẹlòmíràn á ní mágùn ni. Wọ́n á da epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n á ránṣẹ́ pe wòlíì tàbí babaláwo, ilẹ̀ á ṣú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa lọ.

Ọgbẹ́ inú ikùn lè fa irú èébì ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ikùn ẹni náà bá ti wú fún omi, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, tàbí tí àyẹ̀wò ti fi hàn rí pé ó ní hepatitis B, ẹ̀dọ̀ ni kí dókítà kọ́kọ́ fura sí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọn oògùn tó ń dá irú ẹ̀jẹ̀ yìí dúró yẹ̀ wò: èwo ló wà, èwo ni ẹ̀rí wà fún, èwo ni kò wúlò bí a ṣe rò, kí ni a sì lè ṣe nínú wọn ní ìlú tí ilé ìwòsàn ńlá UCH wà ní Orítamẹ́fà rẹ̀, àmọ́ tí owó, iná àti sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ ń dínà mọ́ aláìsàn? Bí a bá kó ìwádìí àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, ohun tí wọ́n ń sọ kò ta kókó. Wákàtí tí oògùn bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára ìgò rẹ̀ lọ, àwọn tó sì rọ̀ jù lọ́wọ́ nínú ìtọ́jú náà wà lára àwọn tí ẹ̀rí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ti inú ìfun, àpò ikùn àti ọlọ́ jáde ló ń gba ojú iṣan ńlá kan wọ inú ẹ̀dọ̀ kí ó tó padà sí ọkàn. Ẹ̀dọ̀ tó ti le, tí àpá ti kún ara rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yìí kọjá bó ṣe yẹ. Ará Ìbàdàn tó ti gbọ́njú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ ohun tí odò Ògùnpa ṣe nígbà tí ojú ọ̀nà rẹ̀ dí: omi tí kò rí ọ̀nà gbà wọ ilé onílé. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ kò gbà náà á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, á ya sínú àwọn iṣan kéékèèké tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, níbi tó ti pàdé àpò ikùn. A kò dá àwọn iṣan yẹn fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wú, wọ́n á lọ́, awọ wọn á fẹ́lẹ́, títí ọ̀kan nínú wọn á fi bẹ́.

Àwọn onímọ̀ ń wọn ìfúnpá tó wà ní ojú ọ̀nà yìí. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, kì í ju 5 lọ lórí òṣùwọ̀n mẹ́kúrì. Tó bá ti dé 10, iṣan wíwú lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Tó bá ti dé 12, wọ́n lè bẹ́ nígbàkígbà. Orí òye yìí ni ìtọ́jú náà dúró lé. Ìṣòro yìí kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ kò dì. Ìfúnpá ló ga. Ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró, àfi kí ó dín ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ wọ inú iṣan ńlá yẹn kù.

Kí ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa? Kòkòrò hepatitis B ló ṣíwájú. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, tí wọ́n ń pè ní NAIIS, bá a lára 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64. Hepatitis C jẹ́ 1.1. Ọtí líle tẹ̀ lé e: ògógóró, paraga tí wọ́n ń tà nínú gáréèjì, àti ọtí inú ọ̀rá. Irú kan nínú aràn àtọ̀sí ajá, èyí tó ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun, náà lè dí àwọn iṣan inú ẹ̀dọ̀. Ẹni tí nǹkan wọ̀nyí ń ṣe lè má mọ̀ rárá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bi ẹ̀jẹ̀ ni yóò tó gbọ́ orúkọ àrùn rẹ̀.

Oògùn mẹ́rin, iṣẹ́ kan

Vasopressin ló kọ́kọ́ dé. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, inú ọpọlọ ló ti ń wá, iṣẹ́ rẹ̀ kan sì ni láti fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ní 1955, Vincent du Vigneaud gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú àwọn èròjà yìí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé àwọn ti fi irú oògùn náà dá ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun dúró. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó mọ. Bó ṣe ń fún iṣan ìfun ló ń fún ti ọkàn àti ti ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dúró lọ́fun, àyà á wá máa dun aláìsàn. Wọ́n fi nitroglycerin, tó ń tú iṣan sílẹ̀, kún un kí ìpalára náà lè dín kù. Ó dín kù lóòótọ́, àmọ́ ewu rẹ̀ kò tán, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi pa vasopressin tì nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ dé.

Àbúrò àkọ́kọ́ ni terlipressin. Àwọn onímọ̀ so èròjà kan mọ́ vasopressin kí ó lè máa tú sínú ara díẹ̀díẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wọ́ọ̀dù ni pé kò béèrè ẹ̀rọ tí yóò máa ti oògùn wọlé láìdáwọ́dúró. Nọ́ọ̀sì lè gún un sójú iṣan ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin: mílígírámù 2 lẹ́ẹ̀kan fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mílígírámù 1, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé ọjọ́ 5 ó pẹ́ tán. Ní 2003, Ioannou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 20 jọ fún àjọ Cochrane, èyí tí aláìsàn inú wọn jẹ́ 1,609. Nínú ìwádìí 7 tí wọ́n ti fi terlipressin wé abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, ó dín ikú kù ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ìwádìí 7 náà kò ju 443 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gba ìtọ́jú nígbà tí ìtọ́jú tó kù kò tíì dé ibi tó dé lónìí.

Ẹ̀ka kejì ti ibòmíràn wá. Ní 1973, nínú yàrá ìwádìí Roger Guillemin ní California, wọ́n yọ somatostatin jáde láti inú ọpọlọ àgùntàn; Guillemin wà lára àwọn tó pín ẹ̀bùn Nobel ọdún 1977. Somatostatin kì í fún iṣan gbogbo ara bí ti vasopressin. Ó ń dá àwọn èròjà tó ń fẹ iṣan ìfun lẹ́kun ni, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ á sì dín. Kì í pẹ́ lára ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa kán an wọlé láìsinmi. Octreotide ni wọ́n ṣe ní àwòkọ rẹ̀ kí ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i: máíkírógírámù 50 lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà 50 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 2 sí 5. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà mọ octreotide dunjú, nítorí terlipressin kò gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn títí di 2022, nígbà tó sì gbà á, ti kíndìnrín tó daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fún un, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀.

Kí ni ẹ̀rí sọ nípa octreotide àti àwọn ẹbí rẹ̀? Ní 2008, Gøtzsche àti Hróbjartsson kó ìwádìí 21 jọ, aláìsàn 2,588. Wọn kò rí i pé ó dín ikú kù. Ohun tí wọ́n rí ni pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan lo ẹ̀jẹ̀ tó dín ní nǹkan bí ìdajì páìntì. Ní 2012, Wells àti ẹgbẹ́ rẹ̀ da gbogbo oògùn tó ń fún iṣan yìí pọ̀, ìwádìí 30, aláìsàn 3,111. Nígbà yìí ikú láàárín ọjọ́ 7 dín ní nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tó bá ka ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè máa rò pé àwọn onímọ̀ ń ta ko ara wọn. Wọn kò ta ko ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí àtijọ́, oògùn nìkan ló wà lọ́wọ́ aláìsàn, nítorí náà agbára rẹ̀ hàn kedere. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, gbogbo ènìyàn ló ń rí ẹ̀rọ endoscopy, okùn tí wọ́n fi ń wo inú ọ̀fun, àti oògùn apakòkòrò gbà, àyè tó ṣẹ́ kù fún oògùn kan láti fi ju èkejì lọ sì ti há. Ìwádìí tó yanjú rẹ̀ jù lọ wá láti Korea ní 2014. Seo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín aláìsàn 780 sí mẹ́ta láìyàn ẹnì kankan lójú. Lẹ́yìn ọjọ́ 5, ìtọ́jú ṣàṣeyọrí lára 86.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba terlipressin, 83.4 àwọn tó gba somatostatin, àti 83.8 àwọn tó gba octreotide. Kò sí ìyàtọ̀ gidi.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó pinnu èyí tí dókítà Ìbàdàn yóò mú ni ara aláìsàn àti ohun tó wà ní wọ́ọ̀dù. Bàbá àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dí, octreotide ló tọ́ sí i, torí terlipressin lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọkàn àti ọmọ ìka kù, ó sì lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Octreotide ní tirẹ̀ lè da ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rú, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìṣọ́. Ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ti oògùn wọlé, tí iná rẹ̀ kì í dúró, lè rí i pé terlipressin rọrùn jù, nítorí abẹ́rẹ́ àti aago ni nọ́ọ̀sì nílò.

Àwọn tó ń bá a rìn

Bí oògùn tó ń fún iṣan bá jẹ́ olórí, ó ní àwọn méjì tó ń bá a rìn tí owó wọn kò tó tirẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé àwọn méjì yìí náà ń gba ẹ̀mí là.

Àkọ́kọ́ ni oògùn apakòkòrò. Ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀dọ̀ kì í sábà kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó lọ nìkan. Ìfun tí ẹ̀jẹ̀ ti dín níbẹ̀ á jẹ́ kí kòkòrò yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, omi inú ikùn á bàjẹ́, kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 2010, Chavez-Tapia àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwádìí 12 wò, aláìsàn 1,241: àwọn tó gba apakòkòrò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àmì àìsàn kankan tó yọ, kú níye tó dín ní ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Spain, Fernández fi hàn ní 2006 pé lára àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́ jìnnà, ceftriaxone dára ju norfloxacin tí wọ́n ń gbé mì lọ: kòkòrò wọ ara 11 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 33. Gírámù 1 lójúmọ́, fún ọjọ́ 7 ó pẹ́ tán. Ceftriaxone kì í ṣe oògùn àjèjì ní Ìbàdàn. Ó wà ní ilé ìwòsàn kékeré àti ńlá, ó wà ní kẹ́míìsì. Bí ó ṣe pọ̀ tó náà ni wọ́n ṣe máa ń gbàgbé rẹ̀ fún ẹni tí ibà kò mú.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Níhìn-ín, òye tó wọ́pọ̀ ni pé bó ṣe ń jáde ni kí a máa dá a padà. Ìfúnpá inú iṣan wíwú yẹn ń ga bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ jù, iṣan tó ti dákẹ́ á sì tún bẹ́. Ní 2013, Villanueva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Barcelona tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 921 tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti òkè ìfun. Àwọn tí wọ́n dúró títí hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gírámù 7 kí wọ́n tó fà á sí wọn lára, 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wà láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6. Lára àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ láti 9, ó jẹ́ 91. Ní èdè PCV tí a mọ̀ sí i, gírámù 7 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 21. Òfin yìí kò bá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ wí, tí ìfúnpá rẹ̀ ti ń já. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ gbà á kíákíá. Ṣùgbọ́n fún àwọn tó kù, ìròyìn yìí dára fún ìlú tí mọ̀lẹ́bí ti ń sáré wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Páìntì méjì tó bọ́ sákòókò lè sàn ju márùn-ún lọ.

Àwọn kéékèèké mìíràn wà. Erythromycin, mílígírámù 250 sójú iṣan kí endoscopy tó bẹ̀rẹ̀, máa ń mú kí àpò ikùn da ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sísàlẹ̀, kí dókítà lè ríran. Lactulose ń kó ẹ̀jẹ̀ tó ti wọ inú ìfun jáde kí ó má baà da iyè aláìsàn rú.

Ohun tí a ń fúnni tí kò ràn án

Tranexamic acid ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí Nàìjíríà wà nínú ìtàn rẹ̀. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún tú. Ìwádìí WOMAN, tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà kópa ńlá nínú rẹ̀, fi hàn ní 2017 pé ó ń dín ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà kù lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bí wọ́n bá tètè fún un. Ó bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún ẹni tó ń bi ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí HALT-IT, tó jáde ní 2020, dán èyí wò lára ènìyàn 12,009 ní orílẹ̀-èdè 15, Nàìjíríà wà lára wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì àwọn aláìsàn náà ni wọ́n fura pé iṣan wíwú ló ń fà á. Iye tí ẹ̀jẹ̀ pa nínú àwọn tó gbà á àti àwọn tí kò gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò pé 4 nínú ọgọ́rùn-ún níhà méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró wá pọ̀ sí i nínú àwọn tó gbà á, láti 0.4 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlànà Baveno VII, tí àwọn onímọ̀ àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní 2021, sọ pé kí a má ṣe lò ó fún ẹ̀jẹ̀ iṣan wíwú. Ìdáhùn yìí jẹ́ tiwa náà, nítorí ara àwọn ènìyàn wa ni wọ́n ti rí i.

Omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní plasma ni ìkejì. Nígbà tí àyẹ̀wò bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ kò tètè dì, wọ́n á fà á sí i. Baveno VII ní kò wúlò níhìn-ín: iye tó wà lórí ìwé kò fi bí ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ṣe ń dì hàn, omi púpọ̀ yẹn sì ń gbé ìfúnpá iṣan sókè. Vitamin K kò ní ìpalára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ gba àyè terlipressin. Àwọn oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, bíi omeprazole, wúlò nígbà tí a kò tíì mọ̀ bóyá ọgbẹ́ inú ni. Bí endoscopy bá ti fi hàn pé iṣan wíwú ni, kí wọ́n dá a dúró. Nílé ńkọ́? Ẹni tó ti mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ òun kò dá kò gbọdọ̀ sún mọ́ Alábùkún, tí aspirin wà nínú rẹ̀, tàbí ibuprofen, nítorí ara ríro.

Wákàtí àkọ́kọ́

Àwọn àgbà ní ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìwádìí kan tí Levacher àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1995 jẹ́rìí sí i. Ní Paris, dókítà inú ọkọ̀ aláìsàn fún àwọn tí wọ́n fura sí ní terlipressin àti nitroglycerin nílé wọn, kí wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, láìtíì rí inú ọ̀fun wọn. Ẹ̀jẹ̀ tètè dúró lára wọn ju ti àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ òfìfo lọ, ikú sì dín. Orí irú ẹ̀rí yìí ni Baveno VII fi gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀: bí a bá ti fura, kí oògùn bẹ̀rẹ̀, kí a má ṣe dúró de ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì o. Láàárín wákàtí 12, nígbà tí ìfúnpá aláìsàn bá ti dúró, ó yẹ kí dókítà ti okùn endoscopy wọlé, kí ó fi rọ́bà kékeré de iṣan tó bẹ́. Ìtọ́jú méjèèjì papọ̀ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ìwádìí tí D'Amico àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ní 2003, 15 ni wọ́n: nígbà tí wọ́n fi oògùn nìkan wé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún iṣan náà láti inú endoscopy, abẹ́rẹ́ yẹn kò ju oògùn lọ, ìpalára rẹ̀ ló pọ̀ jù. Rọ́bà ti rọ́pò abẹ́rẹ́ yẹn báyìí, ó sì sàn jù ú lọ. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣì wà fún ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ: oògùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń dúró de ìtọ́jú, ìtọ́jú gan-an ni.

Báwo ni èyí ṣe bá Ìbàdàn mu? UCH, tí wọ́n ṣí ní oṣù kọkànlá 1957, ni gbogbo ojú ń wò. Ìmọ̀ kò wọ́n níbẹ̀; Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Otegbayo, tó di ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà ní 2019, onímọ̀ àrùn ìfun àti ẹ̀dọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó ń bi ẹ̀jẹ̀ ní Challenge ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní láti la Ring Road, Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá kọjá kí ó tó dé Orítamẹ́fà. Ti Àgbówó yóò gba Bódìjà, ọjà á sì ti kún dé títì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì lọ tààrà. Ilé ìwòsàn aládàáni tó wà nítòsí ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ring Road, tàbí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu. Níbẹ̀, dírípù ni wọ́n máa ń so kọ́ sí wọn lára, wọ́n á kọ lẹ́tà, wọ́n á ní ẹ máa gbé e lọ sí UCH. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ti lọ, abẹ́rẹ́ kankan kò tíì wọ ara.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kò fàyè gba kí wọ́n lé aláìsàn pàjáwìrì padà. Abala 20 rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀ láti tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 owó ìtanràn, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin kò ra oògùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ibi ni pé wọ́n á kọ orúkọ oògùn sí pépà, ọmọ aláìsàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri kẹ́míìsì. Oògùn tó ń fún iṣan wọ́n, ó sì ti wọ́n sí i láti ìgbà tí náírà ti já ní 2023, nítorí òkè òkun ló ti ń wá. Kẹ́míìsì tí kò mọ ìgbà tí ẹnìkan yóò béèrè rẹ̀ kò ní fẹ́ kó o pamọ́.

Ìpamọ́ gan-an ní ìṣòro tirẹ̀. Inú firíìjì ni octreotide ń gbé, ní òtútù 2 sí 8. Ọ̀pọ̀ terlipressin náà bẹ́ẹ̀. Láti ìparí oṣù kẹwàá 2024 wọ oṣù kejì 2025, UCH fúnra rẹ̀ wà láìsí iná ìjọba fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ nítorí gbèsè iná. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù ní agbègbè náà, kí ni ká retí ní ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá? Ìdí tún nìyí tí ceftriaxone fi ṣe pàtàkì. Lẹ́búlẹ́bú inú ìgò ló ń wá, kò béèrè firíìjì kí wọ́n tó pò ó, kò sì sí ìdí tí aláìsàn yóò fi fi ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìgbà á.

Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró

Kíákíá ni a ó gba ibí kọjá, nítorí àríyànjiyàn rẹ̀ kò pọ̀. Ní 1981, Lebrec àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris fi hàn pé propranolol, hóró oògùn ìfúnpá tó rọ̀ lọ́wọ́, ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń padà wá kù. Lónìí, carvedilol náà wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi wọ́n fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ lọ́wọ́, torí ìfúnpá rẹ̀ á túbọ̀ já; ìgbà tí oògùn abẹ́rẹ́ bá ti parí ni tiwọn ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa fi rọ́bà de ìyókù iṣan náà ní ìgbà dé ìgbà. Ẹni tí hepatitis B ń bá jà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ tenofovir, hóró kan lójúmọ́, kí ẹ̀dọ̀ má baà máa bàjẹ́ sí i. Ẹni tí ọtí fà á fún gbọ́dọ̀ dá a dúró pátápátá.

Ọmọ ẹni tó ní hepatitis B àti aya tàbí ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B ti wà nínú ètò àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà, èyí àkọ́kọ́ sì yẹ kó wọ ara ọmọ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ọmọ tí wọ́n bí sílé ìyá àgbẹ̀bí láìgba ti ọjọ́ kìíní yẹn ṣì wà nínú ewu pé àrùn náà lè wá kàn án nígbà tó bá dàgbà.

Ìdájọ́

Ìbéèrè nípa èyí tó dára jù nínú terlipressin, somatostatin àti octreotide ti gba ìwé púpọ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì ti yé wa tó: ẹ lo èyí tó bá wà, tó bá sì bá ara aláìsàn mu. Lágbàáyé, nǹkan bí 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí iṣan ọ̀fun wọn bẹ́ ló ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó sì ti ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ rí. Kò sí oògùn àrà kan ṣoṣo tó fa ìdínkù náà. Wọ́n ń tètè bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fún wọn ní apakòkòrò, wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ fà, wọ́n sì ń fi rọ́bà dè é.

Mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn kò béèrè kí a kọ́kọ́ dé UCH. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí oògùn ọjọ́ kìíní wà nínú firíìjì ẹ̀ka pàjáwìrì ní Ring Road, ní Adéọ̀yọ́ àti ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ńláńlá ní Bódìjà àti Challenge, pẹ̀lú ceftriaxone lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì ní àṣẹ láti gún un kí ẹnikẹ́ni tó béèrè owó. Ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àjọ ìdójútòfò ìlera rẹ̀, OYSHIA, ló lè pinnu bóyá abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yìí yóò jẹ́ ohun èlò ilé ìwòsàn bí omi dírípù, tàbí orúkọ lórí pépà tí ọmọ aláìsàn ń gbé kiri ìgboro lóru.